Ọdún tí apá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀

Ní oṣù Kínní, nínú yàrá mi lẹ́yìn Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo de sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ ohun tí ara ń ṣe, mọ́ apá òsì, mo gbé apá sókè, kọ̀ǹpútà sì kọrin. Inú mi dùn débi pé mo sáré pe ìyá mi wá wò ó. Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi rò pé iṣẹ́ ti parí.

Sẹ́ńsọ̀ méjì ni mo ń lò. Ọ̀kan ń gbọ́ iná mànàmáná kékeré tí iṣan máa ń mú jáde nígbà tí a bá fún un le; páàdì mẹ́ta ni mo ń lẹ̀ mọ́ apá òsì fún un. Èkejì, MPU-6050, tí kò ju àtàǹpàkò lọ, wà ní ọrùn ọwọ́ ọ̀tún, ó ń mọ bí ọwọ́ ṣe yára àti bó ṣe yí. Apá òsì ló ń yan ohùn, ọwọ́ ọ̀tún ló ń lu ú. Arduino, pátákó ẹ̀rọ kékeré kan, ń kó nọ́ńbà wọn jọ, ó ń fi ránṣẹ́ sí Pure Data, ètò orin ọ̀fẹ́ orí kọ̀ǹpútà tí Miller Puckette ṣe ní àwọn ọdún 1990. Inú ètò yẹn ni mo ti ń sọ ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan máa dà. (Ẹ má lo sípíkà Bluetooth fún irú iṣẹ́ yìí. Ohùn rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó dé, ọwọ́ onílù á sì ti mọ̀. Wáyà ni kí ẹ lò.)

Àwọn kan ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú mi. Leon Theremin, ará Rọ́ṣíà, ti ṣe ohun èlò orin tí a kì í fọwọ́ kàn ní nǹkan bí 1920. Ní 1965, Alvin Lucier, ará Amẹ́ríkà, fi ìgbì ọpọlọ rẹ̀ mú kí ìlù máa dún. Ti Theremin ni mo fi ṣe àwòkọ́ṣe: bí apá bá ṣe ń le sí i ni ohùn ń gòkè, kò sì sí ibi tó ti ń dúró.

Ní oṣù Keje, mo gbé e lọ bá Bàbá onílù kan ní àdúgbò wa, ẹni tó ti ń gbé ìyáàlù kọ́ èjìká kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n tẹ́tí títí mo fi parí. Wọ́n ní, "Ó dùn, ọmọ mi. Kí ló ń sọ?"

Mi ò rí èsì fọ̀.

Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Ìlù tí Bàbá gbé kọ́ èjìká, sẹ́ńsọ̀ ni òun náà: apá òsì á fún ọsán, awọ á le, ohùn á gòkè, ọwọ́ á dẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Àwọn baba wa ti so ara mọ́ ohùn tipẹ́, èdè ni wọ́n sì fi so ó. MIDI, èdè tí àwọn ẹ̀rọ orin fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, fún mi ní nọ́ńbà 128, láti 0 dé 127. Yorùbá ní kí n mú mẹ́ta: dò, re, mí.

Mo wá pín agbára iṣan sí ipele mẹ́ta, mo sì lé yíyọ̀ ohùn dànù. Àmọ́ nọ́ńbà iṣan kì í dúró jẹ́ẹ́. Bí apá bá bọ́ sí ààlà, ohùn á máa gbọ̀n, dò-re-dò-re, bí ẹni tí òtútù mú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí kí n tó rí i pé ààlà ìgòkè kò gbọdọ̀ jẹ́ ààlà ìsọ̀kalẹ̀. Kí dò tó di re, agbára gbọ́dọ̀ kọjá 40. Kí re tó padà di dò, ó gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ ju 32 lọ. Ni ohùn bá fìdí múlẹ̀.

Òógùn ń tú páàdì. Bí iṣan bá rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ á máa ga sí i bí mi ò tilẹ̀ fi agbára kún un. Nítorí náà, kí n tó ṣeré, mo máa ń fún apá le pátápátá, mo máa ń dẹ̀ ẹ́ pátápátá, kí kọ̀ǹpútà lè mọ ìwọ̀n ọjọ́ yẹn. Owó ńkọ́? Mo sanwó páàdì fún ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, páàdì kò dé. Ó dùn mí gan-an.

Ní oṣù Kẹwàá, mo padà sọ́dọ̀ Bàbá. Mi ò sọ nǹkan kan. Mo fi apá sọ ọ́: dò mí dò mí, re mí mí mí.

"Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété!" Bí wọ́n ṣe pariwo ẹ̀ nìyẹn. Omi bọ́ lójú mi, mi ò lè pa á mọ́.

Wọ́n tún ní, "Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ le." Wọ́n gbé ìyáàlù, wọ́n lu ọ̀rọ̀ kan náà, mo sì gbọ́ ọ. Bí òkè bá tẹ̀lé ìsàlẹ̀, ohùn kì í fò, ńṣe ló ń gun òkè lọ. Bí ìsàlẹ̀ bá tẹ̀lé òkè, ó ń yọ̀ wálẹ̀. Yíyọ̀ tí mo ti lé dànù ní oṣù Keje, mo dá díẹ̀ padà, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, láàárín dò àti mí nìkan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá fi ìlù pa òwe kan sí mi, wọ́n sì dúró de èsì. Apá mi kò yára tó. Láti oṣù Kínní tó ń bọ̀, màá máa lọ sọ́dọ̀ wọn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ láìgbé kọ̀ǹpútà dání, kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń fún ọsán. Wọ́n ti ní kí n wá kọ̀ǹgọ́ tèmi dání.