Mi ò ge kéèkì lọ́dún yìí, Ẹ̀rìn Ìjẹ̀ṣà ni mo lọ

October 1 ni wọ́n bí mi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á rẹ́rìn-ín, á pè mí ní "ọmọ Independence", àwọn kan á tún bi mí bóyá èmi náà ti gba òmìnira. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé tèmi ni wọ́n ṣe ń tilẹ̀kùn iléèwé lọ́jọ́ yẹn, pé èmi gan-an làwọn sójà inú tẹlifíṣọ̀n yẹn ń yan fún. Ní October 2025 tó kọjá yìí, Nàìjíríà pé 65, èmi pé 23, àwa méjèèjì la sì jọ ń wá bá a ṣe máa ṣe é.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn tẹ́lẹ̀ ni pé mo ti pé 23, ọdún kẹrin ní fásitì ni mo ṣì wà. Ẹ mọ ìtàn yẹn. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ fásitì ní 2022, láti February 14 títí wọ October 14, oṣù mẹ́jọ gbáko, ṣọ́ọ̀bù màmá mi ni ọjọ́ ìbí mi ọdún yẹn ti bá mi, mò ń wọn gàrí fún kọ́sítọ́mà. Àwọn tá a jọ ṣe WAEC tí wọ́n lọ sí fásitì aládàáni ti sìnrú ìlú tán, ọ̀kan ti lọ́kọ ó ti bímọ, fọ́tò ọmọ ló ń gbé sórí status lójoojúmọ́ (ọmọ náà rẹwà ṣá).

Màmá mi ló kọ́kọ́ pè mí láàárọ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́, "Àjọkẹ́ mi, wàá dàgbà, wàá darúgbó, wàá fọwọ́ pa ewú, wàá fèrìgì jobì", ó ń kì mí lọ títí mo fi fẹ́ẹ̀ sunkún. Ló bá gbé fóònù fún bàbá mi. Tiwọn kì í gùn, wọ́n ní kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí mi, mo ní àmín sà, wọ́n wá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ọdún wo lẹ wá máa jáde gan-an?" Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi sọ́wọ́ Ọlọ́run." Wọ́n ní, "Ọlọ́run kọ́ ló ń san school fees." Ṣé ẹ rí i, lọ́jọ́ ìbí mi o!

Ẹ jẹ́ n sọ tinú mi: ọjọ́ ìbí ọmọ fásitì ti di ìnáwó ìgbéyàwó. Ẹ á ya fọ́tò pẹ̀lú aṣọ oríṣi mẹ́ta, ẹ á gbé kéèkì alájà méjì, ẹ á tẹ ojú yín sára ike ìbomi kẹ́ ẹ fi ta àwọn èèyàn lọ́rẹ, lóru àwọn ọ̀rẹ́ yín á tún wá da omi tútù lé yín lórí, ẹ̀yin náà lẹ máa nu ilẹ̀. Mo ṣe é rí, mo gbádùn ẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí nígbà tí mo ṣírò owó kéèkì nìkan, mo rí i pé ó máa gbé mi dé ibi tí ojú mi ò tíì dé rí. Látìgbà tí mo ti wà ní Ifẹ̀, kí ni mo mọ̀? Lágere, Mayfair, Sábó, gbọ̀ngàn lẹ́kíṣọ̀, àti Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn tí wọ́n kó wa lọ wò lẹ́ẹ̀kan. Omi Ẹ̀rìn Ìjẹ̀ṣà tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta wà nítòsí níbẹ̀ yẹn, orí fóònù ni mo ti ń wò ó.

Àwa mélòó kan la dáwó jọ. Akápò wa ni ọmọ Iléṣà kan tá a ń pè ní Òṣómàáló, torí tó bá ti ní kó o mú owó wá, kò ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ. Ilé màmá ẹ̀ la lọ sùn sí kó tó di ọjọ́ yẹn. Ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́, láti Ọ̀ṣú lọ ni orí mi ti ń lu òrùlé mọ́tò. Ṣùgbọ́n bá a ṣe wọlé, tá a kúnlẹ̀, tá a ní "ẹ kú alẹ́ mà," odó ló dá wa lóhùn. Àwọn méjì ló ń gún un, ọmọrí odó kan ń lọ sókè, èkejì ń bọ̀ nílẹ̀, wọn ò wojú ara wọn, wọ́n tún ń sọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ wọ́n lówó lọ́jà. Iyán yẹn ò ní kókó kankan. Màmá wò mí níbi tí mo ti ń bu tèmi kékeré, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ń ṣàìsàn ni?"

Láàárọ̀ a gba ọ̀nà Àkúrẹ́, a kọjá Ìwàràjà, a dé Ẹ̀rìn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé Akínlà, ọmọ ọmọ Odùduwà, ló tẹ ìlú náà dó, omi yẹn ni wọ́n ń pè ní Olúmirìn. Ìpele méje ló ní. Torí ó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, èrò pọ̀ nísàlẹ̀ bíi kí nǹkan máa já, orin ń dún, wọ́n ń ta súyà, ọ̀pọ̀ ò sì kọjá ìpele àkọ́kọ́, wọ́n ya fọ́tò wọ́n padà. Àwa gòkè. Ibi tí àtẹ̀gùn oníkọnkéré parí sí, gbòǹgbò igi lo máa dì mú, àpáta ń yọ̀, ẹni tó wọ sálúbàtà bọ́ ọ sọ́wọ́. Òjò ò tíì lọ tán ní October, omi náà kún dáadáa, ó ń já wálẹ̀ tó fi jẹ́ pé kó o tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, ó gbọ́dọ̀ pariwo sí ẹ létí. Mo bọ́ sábẹ́ ẹ̀, òtútù mú mi débi pé eyín mi ń gbá ara wọn. Ibẹ̀ la wà tí wíìgì ọ̀rẹ́ mi kan fi ṣí kúrò lórí ẹ̀, omi gbé e, ó ṣáájú wa délẹ̀. Nígbà tá a fi máa sọ̀ kalẹ̀, ọmọkùnrin kékeré kan ti fi igi yọ ọ́, ó gbé e dání, ó ń béèrè ẹni tó ni ín, ọ̀rẹ́ mi ní òun ò mọ̀ ọ́n rí.

Ọjọ́ kejì la yà ní Ìwàràjà gba Ẹ̀fọ̀n Aláayè, òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, a ń lọ Ìkógòsì. Omi gbígbóná àti omi tútù ló ń sàn níbẹ̀ tí wọ́n wá pàdé, tí èyí tó gbóná bá fi máa dé ibi ìpàdé, ooru ẹ̀ á ti dín kù. Wọ́n ní ìyàwó ọdẹ kan ni méjèèjì, ìkan onínúfùfù, ìkan oníwà pẹ̀lẹ́, ìjà wọn ló dìde tí wọ́n fi domi, ọkọ wọn di òkè. Ọ̀rẹ́ wa tó ń kọ́ nípa àpáta bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé inú ilẹ̀ jíjìn ni omi ti ń gbóná, a ní kó má dá sí ọ̀rọ̀ orogún.

A jókòó, ẹsẹ̀ kan nínú gbígbóná, ẹsẹ̀ kan nínú tútù. Mo wá ráhùn ọ̀rọ̀ bàbá mi fún wọn. Ọ̀kan nínú wa tó ti lé ní 26, tó yí kọ́ọ̀sì padà tó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ní, "Òní Thursday. Ta lo mọ̀ tó níṣẹ́ lọ́wọ́ tó lè jókòó síbí lónìí?" Mi ò ní pé ìyanṣẹ́lódì dáa o, oṣù mẹ́jọ yẹn ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mo ń wo àwọn tó yí mi ká, mo mọ̀ pé tá a bá jáde tán, ìkan á gba Èkó lọ, ìkan á gba ìlú òyìnbó, àtirí ara wa á di ọ̀rọ̀ orí WhatsApp. Mo rọra ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú gbígbóná.

Ìdànrè ló kàn, ibi táwọn èèyàn ti gbé lórí òkè fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó sọ̀ wálẹ̀. Wọ́n ní àtẹ̀gùn ibẹ̀ ju ẹgbẹ̀ta lọ, ẹni tó ni wíìgì ti ní òun á di irun òun ni. Òṣómàáló ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi láti àárọ̀.