Ọdún 2025: Ìwé Àkíyèsí àti Àwọn Ọmọ Jẹ́lé-ó-sinmi

Bí ẹ bá ní kí n ka oṣù méjìlá ọdún yìí fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò ní lè kà á, nítorí ohun kan ṣoṣo ló gba gbogbo rẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́: ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, èyí tí gbogbo wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ń pè ní TP. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé ẹ̀ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọdé ni mo wà, pé ọdún mẹ́ta ni à ń fi gba NCE, ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́, àti pé ní ọdún kẹta, odindi sáà kan ni wọ́n máa ń fi akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ kó lọ máa kọ́ni. Iléèwé ìjọba kan nínú Ìlọrin níhìn-ín ni wọ́n pín mi sí, ní kíláàsì àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin sí márùn-ún.

Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ní kí ọmọ tí olùkọ́ kan yóò máa mójú tó ní jẹ́lé-ó-sinmi má ju 25 lọ. Iye tí mo bá nínú yàrá náà ju ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ lọ, ẹní kò sì kárí wọn. Síbẹ̀, Àǹtí tí mo wà lábẹ́ wọn, olùkọ́ kíláàsì náà gan-an, kì í pariwo. Bí ariwo àwọn ọmọ bá ti ń ga, ńṣe ni wọ́n á máa rẹ ohùn tiwọn sílẹ̀, títí tí àwọn ọmọ tó wà níwájú yóò fi máa pa àwọn tó wà lẹ́yìn lẹ́nu mọ́ kí wọ́n lè gbọ́ ohun tí Àǹtí ń wí. N kò rí èyí kà nínú ìwé kankan, mo sì dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fi rán mi lọ ni ìwé àkíyèsí. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa ti fi kọ́ wa láti ọdún kìn-ín-ní pé ohun tí ojú bá rí ni kí á kọ, kì í ṣe ohun tí ọkàn wa bá rò. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ọmọ kan ya olóríkunkun, ẹ ti dá ẹjọ́ náà tán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ọ́ pé ó ju pẹ́ńsù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pé ó ń fa etí aṣọ rẹ̀, tí kò sì gbójú kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ẹ óò lè bèèrè ta ni ọmọ náà ń retí.

Ìwé yẹn ló jẹ́ kí n mọ ọmọ oníwàrà. Ọmọbìnrin kékeré ni, ìyá rẹ̀ ń ta wàrà, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í fọhùn ní kíláàsì. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀ pé kò mọ òǹkà, nítorí pé wọ́n bi í ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sì dáhùn. Nígbà tí a wá ya igun kan sọ́tọ̀ nínú yàrá náà fún ọjà títà, tí mo kó agolo mílíìkì, kóńgò àti ìdérí ìgò síbẹ̀, ó lọ jókòó ti abọ́ kan, ó to ìdérí ìgò sínú rẹ̀, ó sì rọra ń bu omi lé wọn lórí bí wọ́n ṣe ń bu omi wàrà sí wàrà. Ọmọ kan wá rajà. Ó kà á fún un ní méjì méjì: méjì, mẹ́rin, mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, ó mú ẹyọ kan sí i, ó ní, "Ẹ gba èènì yín, mà." Bí mo ṣe gbọ́ ọ náà ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì lọ fi han Àǹtí.

Owó gọbọi ni àwọn kan ń gbà lọ́wọ́ òbí nítorí pé wọ́n kọ Montessori, orúkọ ọ̀nà ìkọ́mọdé kan, sára pátákó iléèwé wọn. Ọmọ àwọn mẹ̀kúnnù ni Maria Montessori fi bẹ̀rẹ̀ ní Róòmù lọ́dún 1907, bíbu omi láti inú ìkòkò kan sí òmíràn sì wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ń fún ọmọdé ṣe nínú ètò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní abọ́ àti omi lè bẹ̀rẹ̀, bí ó bá ti mọ ohun tí yóò máa wò lára ọmọ.

Ìdí nìyí tí ìkéde oṣù Kọkànlá fi dùn mí wọra. Lọ́dún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jákèjádò iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún yìí, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi lọ, nítorí pé àwọn agbègbè tó lo èdè abínibí ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB. Mo gbà pé ìfìdírẹmi náà ń dun ìjọba. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dún 1970, àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ọmọ oníwàrà nílò Gẹ̀ẹ́sì, yóò sì kọ́ ọ. Òǹkà tó ti mọ̀ kọ́ ló yẹ kí á kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àárín TP náà ni ìyá mi, Alhaja tí gbogbo yín ń kí nípasẹ̀ mi, dùbúlẹ̀ àìsàn. Àwọn ló ń tọ́jú àwọn ọmọ mi láti ọjọ́ tí mo ti gba fọ́ọ̀mù, àlọ́ wọn ni mo sì ń pa ní kíláàsì. Mo ra ìwé kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí mo rí: wọ́n mu ẹ̀kọ gbígbóná ṣíbí mẹ́ta, wọ́n bèèrè bóyá àwọn ọmọ ti wọ bàtà, ọwọ́ òsì kò gbéra. Òjò ti ń rọ̀ dáadáa nígbà tí wọ́n lọ. N kò tíì ṣí ìwé náà láti ìgbà náà. Àwọn akẹgbẹ́ mi pẹ̀lú mi ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Àǹtí sì bá mi di kíláàsì mú títí mo fi padà. Máàkì tí mo gbà ní TP dára, àlùbáríkà wọn ni.

A ti ṣe ìdánwò àṣekágbá, èsì ló kù. Bí Ọlọ́run bá ṣe é ní rere, màá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, màá sì wáṣẹ́ sí iléèwé ìjọba, bí wọ́n bá gba èèyàn. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn. Àǹtí ṣá ti ní kí n máa wá bá àwọn ṣe igun ọjà náà láti oṣù Kìn-ín-ní, kódà bí kò bá tíì sí owó oṣù, mo sì ti gbà. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlọrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da agolo mílíìkì àti ìdérí ìgò nù mọ́. Ẹ fọ̀ wọ́n, kí ẹ lu etí agolo tó bá mú kó má baà gé ọmọ lọ́wọ́, kí ẹ sì fi tó mi létí, màá wá kó wọn.