Ẹ má kàn gba iye tí wọ́n kọ síbẹ̀: ohun tí mo kọ́ nídìí pàṣípààrọ̀ owó kékeré méjì

Ẹni tó bá ń wá iye tí wọ́n ń ṣẹ́ owó Sáńbíà sí owó Màláwì lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, kó tètè mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má fi iye tó máa rí yẹn náwó rí. Àyẹ̀wò ìwé owó ni iṣẹ́ mi, fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ káàkiri ayé, irú ìbéèrè yìí kì í sì í wọ́n lọ́dọ̀ mi. Owó kékeré méjì, ìyẹn owó àwọn orílẹ̀-èdè tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ná owó wọn nílẹ̀ òkèèrè, kì í sábà pàdé lójúkojú. Dọ́là tàbí yúrò ló máa ń wà láàárín. Wọ́n á wo iye tí dọ́là kan jẹ́ níbí, wọ́n á wo iye tó jẹ́ lọ́hùn-ún, wọ́n á fi ọ̀kan pín èkejì, ó tán.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé: owó wo ló wà láàárín, ṣé wọ́n sì so owó náà mọ́ ọn ni, ìyẹn ni pé wọ́n fi iye kan pàtó sí i tí kì í yí lójoojúmọ́? Ẹ wo dobra São Tomé àti escudo Cape Verde. Yúrò ni wọ́n so àwọn méjèèjì mọ́: yúrò kan jẹ́ escudo 110.265, láti oṣù kìíní 2010 ó sì tún jẹ́ dobra 24,500. Ẹ fi 110.265 pín 24,500, escudo kan á fún yín ní dobra 222.19. Láti ìgbà náà títí di ìparí 2017, kí São Tomé tó sọ dobra 1,000 di 1, ọjọ́ yòówù kí ẹ dárúkọ fún mi, ìdáhùn kan náà ni mo ní.

Ti loti Lesotho àti dọ́là Nàmíbíà tún rọrùn ju ìyẹn lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ randi Gúúsù Áfíríkà kan, nítorí náà ọ̀kan sí ọ̀kan ni. Síbẹ̀ mo máa ń rí àwòrán tó fi hàn pé wọ́n ń lọ sókè sódò, ó lé díẹ̀ lónìí, ó dín díẹ̀ lọ́la. Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ ju pé wọ́n mú iye ti ọ̀kan láàárọ̀, wọ́n mú ti èkejì nírọ̀lẹ́, randi sì ti sún láàárín méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n so, wọ́n lè tú u, wọ́n sì lè tún un so. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, fáráǹsì CFA àti fáráǹsì Kòmórò jẹ́ ọ̀kan sí ọ̀kan, torí 50 tiwọn ló ń ṣe fáráǹsì Faransé kan. Ní oṣù kìíní 1994, wọ́n dín iye àwọn méjèèjì kù, àmọ́ wọn ò dín wọn kù bákan náà: CFA bọ́ sí 100, ti Kòmórò bọ́ sí 75. Láti ìgbà yẹn, CFA 4 ló ń ṣe 3 ti Kòmórò. Ẹni tó bá wá fa ìlà tó rọra ń yí láti 1993 dé 1995, ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀ ló kọ.

Òdo tí wọ́n ń gé kúrò lára owó ló ń dààmú èèyàn jù: tí wọ́n bá gé mẹ́ta, 1,000 àtijọ́ á di 1 tuntun. Gánà gé mẹ́rin lọ́dún 2007. Mòsáńbíìkì ti gé mẹ́ta lọ́dún 2006, Sáńbíà gé mẹ́ta ní oṣù kìíní 2013, São Tomé náà ní 2018, Sàró ní 2022. Fáìlì kan wọlé sí mi lórí iye tí wọ́n ń ṣẹ́ kwacha Sáńbíà sí kwacha Màláwì. Orúkọ kan náà, owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ti Màláwì kò sì gé òdo kankan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2013, ìlà orí àwòrán náà fò sókè bí ẹni tó gun àkàbà, ẹni tó yà á sì ti kọ odindi ojú ewé kan nípa ohun tó fún owó Sáńbíà lágbára! Ìwé tó ń wò ní ZMK lókè, ìyẹn lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n fi ń dá kwacha Sáńbíà àtijọ́ mọ̀, ó sì di ZMW, ti tuntun, nísàlẹ̀. Lẹ́tà kẹta yẹn ni kí ẹ máa wò. Gánà kúrò ní GHC ó di GHS, São Tomé kúrò ní STD ó di STN. Níbòmíì ẹ̀wẹ̀, wọ́n á ti fi owó tuntun ṣírò gbogbo ọdún àtijọ́, wọn ò sì ní sọ fún yín.

Níbi tí mo ti máa ń lo àkókò jù ni ibi tí ìjọba ti dín iye owó rẹ̀ kù lọ́jọ́ kan. Ní oṣù karùn-ún 2012, báńkì àpapọ̀ Màláwì gbé dọ́là láti nǹkan bíi kwacha 167 sí 250. Ní oṣù kọkànlá 2023, ó tún gbé e láti 1,180 sí 1,700. Ẹ má fi ìpíndọ́gba ọdún ṣírò owó oṣù tí wọ́n san nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbowó ní oṣù kẹwàá àti ẹni tó gbà á ní oṣù Kejìlá kò gba iye kan náà. Kó sì tó di pé wọ́n dín in kù, dọ́là á ti wọ́n ní báńkì, iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ nígboro á sì ti fi ti báńkì sílẹ̀ jìnnà. Tó bá jẹ́ ìwé owó orí ni, ti báńkì ni mò ń lò. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan fẹ́ mọ ohun tí owó rẹ̀ lè rà nígbà náà, mo máa ń wá ti ìgboro mọ́ ọn.

Àwọn kéékèèké náà wà. Iye tí ẹ bá rí fún ọjọ́ Sunday, ti Friday ni wọ́n gbé wá síbẹ̀. Ẹ sì máa mú apá tí nọ́ńbà ti tóbi, bíi dobra 222.19 fún escudo kan: dobra àtijọ́ kan jẹ́ escudo 0.0045, bí ẹnì kan bá sì gé e sí 0.005, mílíọ̀nù kan dobra á di escudo 5,000 dípò nǹkan bíi 4,500.

Lábẹ́ iye tí mo bá kọ, mo máa ń kọ ọjọ́ rẹ̀, owó tó wà láàárín, iye méjèèjì tí mo fi pín ara wọn, àti ẹni tó gbé wọn jáde. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.