Orúkọ Sítúdíò Kì Í Dá Sọ̀rọ̀: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nígbà Tí Mo Ń Kọ́ṣẹ́ Animation

Ìbéèrè tí àwọn àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ animation, iṣẹ́ yíya àwòrán tó ń rìn, máa ń bi mí jù ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, orúkọ wo ni kí n fún sítúdíò mi?" Wọ́n á ti to orúkọ jọ sínú fóònù, wọ́n á fẹ́ kí n bá wọn mú ọ̀kan. Ohun tí èmi náà máa ń bi wọ́n kì í yí padà: iṣẹ́ wo lo ti parí? Mi ò béèrè èyí tó wà lọ́kàn, mi ò sì béèrè èyí tó ku díẹ̀. Eré ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tí ọmọdé kan ti ń lé ewúrẹ́ kiri àgbàlá tó, bó bá ṣáà ti parí, tí ohùn wà nínú rẹ̀, téèyàn lè wò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé tiwa nídìí iṣẹ́ yìí ni fódà tí àwọn iṣẹ́ tó ti parí wà. Ẹ ṣí i, ẹ pa ohùn wọn, kí ẹ máa wò wọ́n tẹ̀léra tẹ̀léra, ẹ ó rí ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe láìjẹ́ pé ẹ rán an níṣẹ́. Nígbà tí èmi ṣe é, mo rí i pé gbogbo èèyàn tí mo yà ló ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, ẹnu wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ là. Mo rí páànù tó ti dógùn-ún àti iyẹ̀pẹ̀ pupa lẹ́yìn wọn nínú eré kan sí èkejì. Kò sí olùkọ́ tó ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní brand, ibẹ̀ yẹn ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kí èèyàn tó mú àwọ̀ kankan fún lógò.

Ẹ wo Aardman, sítúdíò animation tó wà ní Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ́ ni Peter Lord àti David Sproxton nígbà tí wọ́n ya akọni kan tí wọ́n sọ ní Aardman, tí BBC sì ra eré kékeré náà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n máa dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ lọ́dún 1972, orúkọ akọni yẹn ni wọ́n mú. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, orúkọ náà ṣì wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó fẹ́ràn Wallace àti Gromit, eré wọn tó lókìkí, kò fojú kan akọni náà rí, ṣùgbọ́n inú iṣẹ́ tí wọ́n parí, tí wọ́n sì tà, ni orúkọ ti jáde. Bákan náà ni àtùpà kékeré tó máa ń fò wá sínú lógò Pixar, sítúdíò animation kan l'Amẹ́ríkà: ó ti kọ́kọ́ ṣeré nínú fíìmù kúkúrú tiwọn lọ́dún 1986. Iṣẹ́ ló bí àmì náà.

Ká má lọ jìnnà jù, àwọn ọmọ Kugali, ilé iṣẹ́ àwọn ọmọ Áfíríkà, náà wà níbẹ̀. Kí Disney tó bá wọn da nǹkan pọ̀, tí eré animation wọn, Iwájú, fi jáde lọ́dún 2024, ìwé àwòrán ni wọ́n ń ṣe, àwọn tó fẹ́ràn irú ìwé bẹ́ẹ̀ sì ti mọ̀ wọ́n. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ńlá wá wò wọ́n, orúkọ wọn ti ní ohun tí wọ́n lè nawọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ̀yin tó ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́: orúkọ tí àwọn òbí yín sọ yín ni ẹ máa fi wáṣẹ́, sítúdíò kọ́. Ẹni tó fẹ́ gba akẹ́kọ̀ọ́jáde síṣẹ́ fẹ́ mọ ẹni tó di pẹ́ńsù mú. Tó bá rí showreel, fídíò kúkúrú tí a fi ń to iṣẹ́ wa jọ hàn, tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ sí nìkan, kò ní mọ̀ bóyá ẹnì kan ló ṣe é tàbí èèyàn mẹ́fà. Ẹ kọ orúkọ yín àti ímeèlì yín sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀. Níbi tí iṣẹ́ bá ti jẹ́ ti ẹgbẹ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé èmi ni mo ṣe ìrìn, ẹlòmíràn ló kun ẹ̀yìn àwòrán. Orúkọ sítúdíò wà fún eré tí ẹ fúnra yín dá sílẹ̀ àti iṣẹ́ tí oníbàárà san owó rẹ̀. Àwọn méjèèjì lè jọ máa rìn láìsí wàhálà. Òfin ilé iṣẹ́ Nàìjíríà, CAMA ti ọdún 2020, kò sì ní kí ẹni tó ń fi ojúlówó orúkọ ara rẹ̀ ṣòwò lọ forúkọ sílẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá mú orúkọ mìíràn ni ìforúkọsílẹ̀ di dandan.

Bí orúkọ bá ti wá sọ́kàn yín, ẹ pe ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá yín lórí fóònù, ẹ dárúkọ náà lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Ohun tí wọ́n bá tẹ̀ ni ohun tí oníbàárà máa tẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í wá nǹkan lórí Google láìfi àmì kankan sí i, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni gbogbo ayé máa ṣe. Ọmọ kíláàsì wa kan fẹ́ràn Àrokò, orúkọ tó sì dára ni, torí ẹni tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ kò jìnnà sí ẹni tó ń pàrokò. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá tẹ "aroko", àròkọ àwọn ọmọ ilé ìwé ló máa kún ojú fóònù. Ọ̀rọ̀ kan ló fi tì í lẹ́yìn, ó sì bọ́ sí i. Orí Instagram, lẹ́tà ọgbọ̀n ni orúkọ kò gbọdọ̀ kọjá. Orí X, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Èyí tó kéré yẹn ni kí ẹ fi wọn orúkọ yín, kí ó lè jẹ́ bákan náà níbi gbogbo.

Ẹ má tìtorí ìyẹn sá fún orúkọ Yorùbá. Mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn, nítorí mo ti rí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó pa orúkọ rere tì kìkì nítorí pé fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé, kò gbé e. Ojúbọrọ̀ kọ́ lóòótọ́. Púpọ̀ nínú fọ́ǹtì tó rẹwà tí ẹ máa rà kò mọ ọ̀ tàbí ẹ́: àpótí kékeré ni wọ́n á gbé jáde, tàbí kí àmì ohùn lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà bí àlejò. Kọ̀ǹpútà kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún "ọ" tó ní àmì ohùn lórí. Lẹ́tà "ọ" á dá wà, àmì ohùn á sì wá lọ́tọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ní kí lẹ́tà máa jó wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, àmì lè fò kúrò lórí ẹni tó ni ín. Noto, Charis àti Gentium gbé lẹ́tà wa dáadáa fún ìwé àti orúkọ àwọn òṣèré ní òpin fíìmù, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Fún lógò, ẹ sọ lẹ́tà di àwòrán nínú Inkscape, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń yàwòrán, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín ya àmì ohùn àti ààmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Ẹ fi pamọ́ bí SVG, irú fáìlì àwòrán kan, kí ó lè tóbi dé ara ògiri láìfọ́, kí ẹ sì wò ó nígbà tó kéré bí èékánná, inú òbìrí Instagram lọ́hùn-ún. Bí ààmì ìsàlẹ̀ bá pòórá níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó nípọn sí i.

Ibi tí mo ti rí ẹ̀kọ́ tó ga jù gbà ni ọ̀dọ̀ bàbá onígángan kan n'Íbàdàn. Mo fẹ́ kí wọ́n fi ìlù pe orúkọ sítúdíò mi kí n gbà á sílẹ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀ eré mi. (N kò ní dárúkọ náà níbí, kí ọ̀rọ̀ yìí má baà di ìpolówó.) Bàbá fi ìlù há abíyá, wọ́n fún ọsán, wọ́n fi kòǹgó kàn án. Ohùn méjì péré ló jáde, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Wọ́n tún un lù, wọ́n wò mí.

"Ọmọ mi, ta ló máa mọ̀ pé ìwọ ni mo ń pè? Ohùn yìí kan náà ni màá fi pe Òjó. Òun ni màá fi pe ọ̀rẹ́, òun ni màá fi pe ìlú. Èwo lo fi kún un?"

Mo ní, "Bàbá, orúkọ náà nìyẹn. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀."

Wọ́n ní kí n mú iṣẹ́ tí mò ń ṣe wá káwọn rí i. Mo fi eré kan hàn wọ́n lórí fóònù. Wọ́n wò ó, wọ́n ní kí n dá a padà, wọ́n tún un wò, wọ́n wá ń fọwọ́ ara wọn sín ọwọ́ obìnrin kan tó ń ná ọjà nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbé ìlù nìyẹn, wọ́n pe orúkọ náà, wọ́n sì so ó mọ́ ọn pé: afọwọ́sọ̀rọ̀-má-lanu. Ará ilé tó wà lẹ́yìn ògiri gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ó dáhùn láti ibi tó wà.

Gbólóhùn yẹn ló wà lábẹ́ orúkọ sítúdíò mi títí dòní. Mi ò jókòó ronú kàn án; ẹni tó wo iṣẹ́ ló fi kì í. Ẹ fi eré yín han àwọn tí kò sí nínú iṣẹ́ yìí, ẹ dákẹ́, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa pè é. Bí ẹni mẹ́ta tí kò mọra wọn bá sọ ohun tó jọra, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Orúkọ tí à ń gbé jó níbẹ̀rẹ̀ fíìmù kò gbọdọ̀ gùn. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin tó: ní férémù (àwòrán kọ̀ọ̀kan tó ń kọjá lójú) 24 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, férémù 96 nìyẹn, bí ẹ bá sì ń fi àwòrán kan bo férémù méjì, àwòrán 48 lẹ máa yà. Àmì ohùn ni mo jẹ́ kó máa rìn nínú tèmi. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ já wálẹ̀ nígbà tí ìlù rẹ ohùn sílẹ̀, àmì ohùn òkè fò sókè nígbà tí bàbá fún ọsán. Ẹ parí fíìmù kí ẹ tó ṣe èyí o.

Ní ti òfin, ẹ lọ sórí ìkànnì CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹ wá orúkọ náà bóyá ẹlòmíràn ti mú un. Bó bá ṣófo, ẹ lè ní kí wọ́n fi pamọ́ dè yín fún ọgọ́ta ọjọ́. Ìwé ẹ̀rí CAC ni báńkì máa béèrè kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì lórúkọ ilé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, ọ̀tọ̀ ni àmì òwò, trademark, tí wọ́n ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ l'Ábújá. Ọdún méje ni ti àkọ́kọ́, bí ẹ bá tún un ṣe, ó di mẹ́rìnlá. Kíláàsì kíláàsì ni wọ́n pín in sí. Ká ní ẹ fẹ́ jẹ́ Ọ̀kín: ìran àwọn òbí yín mọ bisikíìtì Okin láti agbègbè Ọ̀fà. Kíláàsì 30 ni bisikíìtì wà, kíláàsì 41 ni eré ìdárayá àti fíìmù, nítorí náà orúkọ kan náà kì í ṣe ìjà lójú ẹsẹ̀. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí lọ́yà bá yín wò ó kí ẹ tó náwó sí i.

Ẹ̀yin tó jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ fẹ́ jọ dá sítúdíò sílẹ̀ ní ọdún ìkẹyìn, tiyín ló ń ká mi lára jù. NYSC á gbé ọ̀kan lọ sí Sókótó, á gbé èkejì lọ sí Kàlàbá, orúkọ á wá wà lọ́wọ́ ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé Instagram. Mo ti rí ọ̀rẹ́ tí kò kí ara wọn mọ́ nítorí rẹ̀. Ẹ kọ ojú ìwé kan péré nígbà tí ìfẹ́ ṣì wà: ta ló ni orúkọ bí a bá pín, ta ló lè máa fi fíìmù tí a jọ ṣe sínú showreel, báwo la ṣe máa pín owó tó bá wọlé lórí rẹ̀ lẹ́yìn náà. Kí gbogbo yín fọwọ́ sí i, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dà tirẹ̀. Ẹ ṣí ímeèlì kan fún sítúdíò, kí ẹ fi òun ṣí YouTube, Instagram àti àdírẹ́sì ìkànnì, kí ó má ṣe jẹ́ ímeèlì ẹnikẹ́ni nínú yín, kí ó sì ju ẹnì kan lọ tó lè wọ̀ ọ́.