Kò tíì ṣe nǹkan kan

Mo pa aláǹtakùn kan nínú balùwẹ̀ ní àárọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Àbíkẹ́yìn sì sọ lẹ́yìn tí mo pa á tán ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ títí di àkókò yìí tí mo jókòó ti àtùpà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó kígbe. Igbe náà le tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ejò ni, nítorí ejò ni ojú wa rí ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde. Mo sáré wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, mo bá ọmọbìnrin náà lórí àpótí tí a fi ń fọṣọ, ó fún aṣọ mọ́ àyà, ó ń nàka sí ògiri láìwo ibi tí ó ń nàka sí. Lókè garawa omi ni aláǹtakùn náà wà, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi ní fífẹ̀, ara rẹ̀ pọ́n bí ewé gbígbẹ, ó lẹ̀ mọ́ ògiri pẹlẹbẹ, ó sì gbé nǹkan funfun roboto kan mọ́ abẹ́ ikùn, bí ẹyọ owó. Àbíkẹ́yìn dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò ó. N kò rò ó rárá. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kan péré, ó já bọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń ká wọ inú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí gbogbo wọn fi pàdé ní àyà rẹ̀. Ìgbà náà ni ọmọ náà sọ pé, "Kò tíì ṣe nǹkan kan." Ó yípadà, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sunkún, kò sì gbé ohùn sókè.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń yẹ gbólóhùn yẹn wò bí ẹni tí ó gbé ẹyin sókè sí oòrùn láti mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé "Kò ṣe nǹkan kan" ni ó wí, ǹ bá mọ̀ pé ẹjọ́ aláǹtakùn ni ó ń bá a rò, pé mo pa aláìṣẹ̀, ǹ bá sì ti tọrọ àforíjì kí n tó jẹun òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n "tíì" wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣé ohun tí ó ń sọ ni pé aláǹtakùn náà ṣì máa ṣe ibi, ṣùgbọ́n kí á dúró kí ó kọ́kọ́ ṣe é kí á tó dá a lẹ́jọ́? Tàbí pé èmi ni mo kánjú? Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ó ṣeé ṣe kí ó má rò ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀, èmi ni mo sì ń fi gbogbo ọjọ́ gbé ẹrù tí ọmọdé ti sọ̀ kalẹ̀.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé n kì í bẹ̀rù aláǹtakùn. Ní ilé wa ní Oǹdó, nígbà tí a wà ní kékeré, bí ọ̀bẹ bá gé ẹnikẹ́ni nínú wa lọ́wọ́, ara ògiri ni Màmá máa ń lọ, wọn a fi èékánná ya pélébé funfun tí aláǹtakùn lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ kúrò, wọn a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́ náà. Ó máa ń rí bí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a sì máa ń mú un yangàn ní ilé ìwé. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀rù ni ó gbé ọwọ́ mi sókè láàárọ̀ yìí, igbe ẹlòmíràn ni. Mo pa á nítorí ìbẹ̀rù tí kì í ṣe tèmi. N kò tíì mọ̀ bóyá èyí sàn ju kí n pa á nítorí ìbẹ̀rù ara mi lọ tàbí ó burú jù ú lọ.

Ọ̀gá káfíńtà dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá nítorí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. (Wọ́n ti ṣe é tán. Ẹ bá mi dúpẹ́.) Mo ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ní ojú ọ̀nà Ọ̀dà, àwọn kì í gbá jànkáríwọ̀ kúrò ní igun tí àwọn ń to pákó sí, nítorí eṣinṣin tí ó bá bọ́ sí ibẹ̀ kò tún ní padà wá bà lé àwọn lójú mọ́. Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni ọ̀kan tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́ ń rìn lórí férémù ilẹ̀kùn. Wọ́n na ìka sí i, ìka tí òòlù ti fọ́ èékánná rẹ̀, ó gùn ún, wọ́n gbé e jáde, wọ́n sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí ẹ̀rún pákó níta, láìdáwọ́ ọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń ta ìṣó dúró. Mo jowú wọn. Ẹ̀gbọ́n Àbíkẹ́yìn rí gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó wọ yàrá lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọmọ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú láàárọ̀, ó tutù bí omi kànga, ọkàn rẹ̀ sì ń lù kìkìkì bí ti adìẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dì mú. Ọmọ yìí kan náà ni ó máa ń di ajá ilé kejì mú ní ọrùn tí a bá ń fún un ní oògùn. Aláǹtakùn kò sì bù ú jẹ rí. Ìyá rẹ̀ náà a máa kígbe bẹ́ẹ̀ láti kékeré, ó sì lè jẹ́ pé igbe ìyá rẹ̀ ni ó ti gbọ́ kí ó tó fi ojú ara rẹ̀ rí aláǹtakùn kankan. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, igbe náà ti ta látaré wá sí ọwọ́ èmi pàápàá, tí mo rò pé n kò sí nínú àwọn tí í jogún rẹ̀.

Ìyá Ìbejì ní tiwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n fa ẹ̀wù wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n fi àpá dúdú kan tí ó gùn bí ìlà ẹgba hàn mí ní ọrùn wọn, wọ́n ní, "Aláǹtakùn ni ó tọ̀ sí mi lára lójú oorun." Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, èmi náà sì gbà á gbọ́ títí di ìgbà tí nọ́ọ̀sì kan là mí lọ́yẹ̀. Kòkòrò mìíràn ni ó ń fa irú àpá bẹ́ẹ̀, ó tín-ín-rín bí èèrà, ara rẹ̀ pín sí pupa àti dúdú, ìmọ́lẹ̀ iná ni ó sì máa ń fà á wọlé lóru ní àkókò òjò. Kì í ta ni, kì í sì í tọ̀ sí ènìyàn lára. Àwa ni a máa ń fi ọwọ́ rún un mọ́ ara wa nígbà tí ó bá bà lé wa, omi inú rẹ̀ sì ni ó ń jó awọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ní hàn títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, nígbà tí ẹni tí ó ṣe é kò sí nítòsí mọ́, tí ó sì jẹ́ pé aláǹtakùn nìkan ni a gbójú sókè rí lórí ògiri. Mo ṣàlàyé èyí fún Ìyá Ìbejì pẹ̀lú sùúrù. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin, wọ́n ní, "Ó dáa, ṣùgbọ́n aláǹtakùn náà ń tọ̀." N kò bá wọn jiyàn, nítorí ọrùn wọn ni ó jó, kì í ṣe tèmi. Síbẹ̀, ó dùn mí pé ẹ̀ṣẹ̀ kòkòrò mìíràn ni a ti fi ń pa ẹ̀dá yìí láti ìgbà pípẹ́. Kò tíì ṣe nǹkan kan.

Alájọṣiṣẹ́ mi kan ní Alágbàká, Mùsùlùmí, kì í pa aláǹtakùn. Ó sọ ìdí rẹ̀ fún mi rí: gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí àwọn àgbà pa fún wọn, nígbà tí Ànábì ń sá lọ sí Mẹ̀dínà ní ọdún 622, inú ihò àpáta ni ó fara pamọ́ sí, aláǹtakùn sì ta òwú bo ẹnu ihò náà, tí àwọn tí ń lépa rẹ̀ fi gbà pé kò sí ẹni tí ó wọ ibẹ̀. Sùúrà kọkàndínlọ́gbọ̀n nínú Kùránì ń jẹ́ orúkọ aláǹtakùn, ẹsẹ 41 rẹ̀ sì sọ pé ilé aláǹtakùn ni ó yẹpẹrẹ jù nínú gbogbo ilé. Ìwé Jóòbù 8:14 náà fi ìgbẹ́kẹ̀lé aláìwà-bí-Ọlọ́run wé ilé aláǹtakùn. Ilé tí ó yẹpẹrẹ tó bẹ́ẹ̀ ni ìtàn sọ pé ó dá idà dúró. Mo ti gbìyànjú láti so méjèèjì pọ̀ ní ọ̀sán yìí, ṣùgbọ́n...

Ní Gánà, aláǹtakùn ni olórí inú àlọ́ wọn, Ànáńsè ni wọ́n ń pè é. Àwọn Hausa náà ní Gizo. Ìjàpá ni tiwa. Mo rò ó bóyá Ẹ̀gbọ́n ìbá fara balẹ̀ díẹ̀ ká ní aláǹtakùn ni a fi pa àlọ́ fún un, kí ó máa gbe orin rẹ̀ lálẹ́ bí ó ṣe máa ń gbe ti Ìjàpá, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí olè tí kò sì sí ẹni tí ó ń sá fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà ní Àkúrẹ́, tí ń gbé ní yàrá ẹ̀gbẹ́ wá gba iná sí fóònù rẹ̀ nígbà tí a tan jẹnẹrétọ̀. Mo fi òkú náà hàn án, nítorí n kò tíì lè gbé e dànù. Ó lóṣòó tì í, ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yí i padà bí ẹni ń ṣí ìwé. Mo bi í léèrè ìdí tí ẹsẹ̀ náà fi ká bẹ́ẹ̀, nítorí lójú tèmi, ó dà bí ìgbà tí ó ń fi gbogbo ọwọ́ bẹ̀ mí. Ó ní, "Rárá, Àǹtí." Ó ní aláǹtakùn ní iṣan tí ó ń ká ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ní àwọn oríkèé ńlá, kò ní èyí tí ó ń nà án. Omi ara rẹ̀ ni ó máa ń tì sínú ẹsẹ̀ kí ó tó lè nà. Bí ó bá kú, agbára omi náà á dínkù, ẹsẹ̀ á sì ká fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ó yẹ kí èyí tù mí nínú.

Lẹ́yìn náà ni ó fi àwòrán hàn mí nínú fóònù: aláǹtakùn kékeré kan lórí àwọ̀n fèrèsé rẹ̀, irú èyí tí ń fò, tí kì í ta òwú láti fi mú ẹran, ojú méjì ńlá ní iwájú bí ilẹ̀kẹ̀ dúdú. Ó ní nígbà tí òun sún fóònù mọ́ ọn, ńṣe ni ó yí ara padà láti wo òun. Ó ní irú aláǹtakùn tí àwọn onímọ̀ ti fún lórúkọ ti lé ní 50,000 láti ọdún 2022, pé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn ni ó ní oró, ṣùgbọ́n díẹ̀ péré ni oró rẹ̀ lè ṣe ènìyàn ní ibi. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ki ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ó wá na ìka sí nǹkan funfun náà, ó ní ẹyin ni, pé ó lè ju ọgọ́rùn-ún lọ nínú ẹyọ kan yẹn, àti pé irú ìyá yìí kì í gbé e sílẹ̀ títí wọn yóò fi pa. Ká ní kò sọ èyí fún mi ni, ǹ bá ti gbàgbé gbogbo rẹ̀.

Mo pe Màmá ní ìrọ̀lẹ́ láti béèrè ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ní ó ti ń fúyẹ́. Mo sọ ti aláǹtakùn, wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ lọ sí oko kòkó Bàbá, bí àwọn ṣe máa ń mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan dání ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tí àwọn á nà án síwájú ojú kí òwú má baà lẹ̀ mọ́ àwọn ní ìpéǹpéjú. Bàbá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já òwú tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà oko kí òun tó dé ibẹ̀. Bí ó bá ṣì wà bí ó ṣe wà, olè kò tíì gba ibẹ̀ kọjá. Mo dákẹ́ lórí fóònù. Ihò àpáta tí alájọṣiṣẹ́ mi sọ ni mo rántí, mo sì rí Bàbá níbi tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń yẹ òwú wò nínú ìrì. Mo sọ ọ̀rọ̀ Àbíkẹ́yìn fún Màmá. Wọ́n ní, "Bí a bá ní kí á máa pa gbogbo ohun tí kò tíì ṣe nǹkan kan, ta ni yóò..." Nẹ́tíwọọ̀kì já. N kò pè wọ́n padà.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni mo wá pe ọmọ náà sọ́dọ̀. Mo ní kí ó má bínú sí mi, pé mo ti rí i pé aláǹtakùn náà kò ṣẹ̀ wá. Ó wò mí bí ẹni pé èdè mìíràn ni mo ń sọ. Ó ní òun kò bínú. Ó ní kí Ẹ̀gbọ́n òun tó wọlé ni òun ti wà níbẹ̀, òun ń wò ó, òun sì ń retí kí ó ṣe nǹkan, nítorí òun fẹ́ rí bí yóò ṣe rìn tòun ti nǹkan funfun yẹn lábẹ́ ikùn láìjẹ́ kí ó bọ́. Ó ní, "Ó kàn dúró ni. Kò tíì ṣe nǹkan kan, ẹ sì pa á."

Gbogbo ohun tí "tíì" náà túmọ̀ sí nìyẹn. Kò rò nípa ẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ni kò rò nípa àìṣẹ̀. Ó ń dúró de ohun ìyanu ni, mo sì tú ìran náà ká mọ́ ọn lójú. Mo rò pé ara mi yóò fúyẹ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò fúyẹ́. Bí mo ti ń kọ ìlà yìí gan-an, nǹkan kan rìn mí ní ọrùn, ọwọ́ mi sì ti gbá a kí n tó mọ̀. Fọ́nrán òwú kan láti ara ìborùn mi ni.

Ó bi mí kí ó tó lọ sùn bóyá òmíràn yóò wá lọ́la. Mo ní bí a bá fi fèrèsé balùwẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó lè wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ láti inú yàrá, ó sì ké sí mi pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti fèrèsé yẹn." Mo ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì báyìí. Ìdajì ni mo tì í.