Ẹ Ti Mọ Ẹni Tí Yóò Rà Á Kí Ẹyin Tó Pa

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ki igbá bọ inú àgbá oúnjẹ, igbá sì dún gbàǹgà lára irin. Oúnjẹ ti tán. Pẹ́pẹ́yẹ 39 rọ̀gbà yí mi ká, wọ́n ń ju ìrù, wọ́n ń na ọrùn sí ọwọ́ mi. Abo mẹ́ta péré ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sàba, ẹyin wọn pa, inú mi dùn, mo tún jẹ́ kí wọ́n sàba lẹ́ẹ̀kejì. Títí di àárọ̀ ọjọ́ yẹn, n kò bi ara mi léèrè rí pé ta ni yóò rà wọ́n.

Dídúró ló gbówó lọ́wọ́ mi jù. Mo rò pé bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀ díẹ̀ sí i, wọn yóò tóbi, owó wọn yóò sì gòkè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pekin, irú pẹ́pẹ́yẹ kan, tí a bá bọ́ ọ dáadáa, ti tó tà fún ẹran ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 7 sí 8. Muscovy, irú mìíràn, máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i: abo á tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 10, akọ á tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12. Bí ó bá ti kọjá ìgbà yẹn, ojoojúmọ́ ni wọn yóò máa jẹun, ṣùgbọ́n ara wọn kò ní fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i mọ́. Èrè mi ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́.

Nísinsìnyí, ọjọ́ tí abo bá jókòó lórí ẹyin ni mo ti ń wá olùrà. Ẹyin adìyẹ ń lo ọjọ́ 21, ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ pẹ́pẹ́yẹ 28, ti Muscovy 35. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ tí wọn yóò fi dàgbà kún un, ẹ ó rí i pé àkókò wà dáadáa láti bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Ta ni mo ń bá sọ ọ́? Ẹni tó ń ta oúnjẹ adìyẹ ni mo kọ́kọ́ sọ fún, n kò sì mọ ẹni tó wúlò tó o nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ẹni tó ń sin nǹkan abìyẹ́ ló ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ó mọ ẹni tí ẹran kó adìyẹ rẹ̀ jẹ, ó mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé adìyẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni dókítà ẹranko, àwọn tó ń dáná fún èrò púpọ̀, àti àwọn aládùúgbò.

Ní ti fóònù, ohun tí mo kọ́kọ́ kọ ni “Mo ní pẹ́pẹ́yẹ títà.” Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Mo tún un kọ: irú tó jẹ́, ọ̀sẹ̀ mélòó, akọ mélòó, abo mélòó, ìwọ̀n ẹyọ kan lórí òṣùwọ̀n, iye owó, ọjọ́ tí wọ́n lè wá gbé e. Mo fi àwòrán kan tí mo yà ní ojúmọmọ sí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni mẹ́ta ti pè mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ akọ yàtọ̀ sí abo kí ẹ tó tà á fún ẹni tó fẹ́ sìn ín. Mo ta méjì fún ìyá kan pé akọ kan, abo kan ni. Akọ ni méjèèjì. Mo dá owó ìyá náà padà, ojú sì tì mí gan-an. Lára Muscovy, akọ ló tóbi jù, ẹran pupa ojú rẹ̀ ló nípọn jù. Lára àwọn irú yòókù, ẹ fetí sí ohùn wọn bí wọ́n bá ti tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8: abo ló ń ké rara, ohùn akọ máa ń ha. Bí akọ bá dàgbà tán, ìyẹ́ kan á ká sókè ní ìdí ìrù rẹ̀.

Akọ ni kí ẹ kọ́kọ́ tà. Ìdajì ohun tó bá pa lè jẹ́ akọ, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan ti tó abo mẹ́rin sí márùn-ún. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, wọn a máa gun abo títí ìyẹ́ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ yóò fi re. Mo kó akọ 15 fún alárọ̀bọ̀ kan tó dín owó wọn kù gan-an, n kò sì kábàámọ̀. Mo ti ṣírò rẹ̀: owó oúnjẹ tí wọn ìbá jẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i ju iye tó dín kù lọ.

Àwọn kan fẹ́ kí n pa á, kí n hú u fún wọn. Kí ẹ tó dá ọjọ́, ẹ ya ìyẹ́ àyà rẹ̀ wò. Bí ìyẹ́ kéékèèké bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí lábẹ́ awọ, ẹ sún ọjọ́ náà síwájú. Bí ẹ kò bá sún un, híhú rẹ̀ lè gbà yín ju wákàtí kan lọ lórí ẹyọ kan. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ìjọba ibi tí ẹ wà bóyá òfin gbà kí ẹ máa pa á tà nílé. Bí ẹ bá lo oògùn fún wọn, ẹ dúró kí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀ pé kí ẹ tó tà.

Oníbàárà kan kó mẹ́rin sínú àpò, ó sọ wọ́n sẹ́yìn ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan. Méjì kú kó tó délé. Láti ìgbà náà, àgò tí atẹ́gùn ń wọ̀ ni mo máa ń ní kí wọ́n gbé wá, ní kùtùkùtù. N kì í fi ẹsẹ̀ gbé pẹ́pẹ́yẹ, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ ṣẹ́. Ara rẹ̀ ni mo ń gbá mọ́ra. Oníbàárà kì í wọ ilé wọn. Èmi ni mo ń mú un jáde sí ẹnu ọ̀nà, èyí tó bá sì ti jáde kò tún padà wọlé. Àrùn lè bá bàtà tàbí àgò ẹlòmíràn wọlé, pẹ́pẹ́yẹ sì lè gbé kòkòrò àrùn lúkúlúkú kiri láìfi àmì kankan hàn.

Abo kan wà lórí ẹyin báyìí. 18 ló yé. Mo mú mẹ́fà tà kó tó jókòó, mo fi 12 sílẹ̀ fún un. Mẹ́sàn-án nínú wọn ti ní olówó nínú ìwé mi, ẹni méjì sì ti san àsansílẹ̀.