Láti Ọjà Ọba dé ẹ̀yìn Bàsírì: Adó-Èkìtì ń fẹ̀, àwọn ọ̀nà rẹ̀ kò pàdé

Ẹni tó bá dúró ní Ọjà Ọba, níwájú ààfin Èwí, yóò rí i pé àyíká ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀nà ńlá Adó-Èkìtì ti yà: ọ̀kan ń gba Àjílọ́sùn lọ sí Ìkẹ́rẹ́, òmíràn ń gba Bàsírì lọ sí Ìyìn, àwọn yòókù sì forí lé Ìlawẹ̀, Ìjàn, Àfàò àti Ìwòròkò. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn mi lóṣù tó kọjá, nítorí mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara mi mọ̀ bí ìlú yìí ṣe ń wọnú oko lọ, àti bóyá àwọn tó ń kọ́lé síbẹ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń dé ọ̀dọ̀ ara wọn.

Nínú ìlú àtijọ́, ìrìn náà rọrùn. Láti ẹ̀yìn ọjà títí dé Ìjigbò, mo gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo gba ojú àgbàlá, mo ń kí àwọn àgbà tó jókòó sí ìloro, wọ́n sì ń júwe ibi tí mo lè gbà fún mi láìbéèrè ohun tí mo wá ṣe. Àwọn ọ̀nà wọ̀nyí tóóró, ọkọ̀ kò lè gba ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ekukáká ni èèyàn fi máa rí èyí tí kò já síbì kan. Bí wọ́n bá ń ṣe ìnáwó tí wọ́n sì ti fi tapólì dí ọ̀kan, èèyàn á yà sí òmíràn. Àwọn tó tẹ agbo ilé wọ̀nyí dó kò ya ìlú sórí ìwé, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ará ilé kejì gbọ́dọ̀ ráyè kọjá lọ sí odò, sí ọjà àti sí oko.

Mo wọ ọ̀kadà kọjá Bàsírì, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà Ìyìn, mo sì yà kúrò lórí títì. Ọ̀rọ̀ yí padà níbẹ̀. Mo wọ òpópónà kan, mo rìn dé òpin rẹ̀, mo bá odi pàdé, mo padà sórí títì; mo wọ ìkejì, bákan náà ló rí.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti rí. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996, Àkúrẹ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wá ilé sí. Nígbà tí Adó di olú ìlú, gbogbo ẹni tó bá iṣẹ́ wá ń fẹ́ ilẹ̀, oko kòkó àti oko iṣu ẹ̀gbẹ́ títì sì di ohun tí wọ́n ń gé tà. Ẹbí kọ̀ọ̀kan ló ń pe awọnlẹ̀ tirẹ̀. Awọnlẹ̀ á ri píláà mọ́lẹ̀, á gé ilẹ̀ náà sí pílọ́ọ̀tì, á sì la ọ̀nà kan láti orí títì wọlé. Ibi tí ààlà ẹbí bá parí sí ni ọ̀nà náà ń parí sí, nítorí pé ẹbí kejì kò tíì tà, tàbí pé ọ̀nà tiwọn kọjú síbòmíràn. Àti pé bí wọ́n bá là á já, pílọ́ọ̀tì tí wọn ì bá tà ni yóò bá a lọ. Láàrin ọdún díẹ̀, ẹni tó ra ìkángun á mọ odi, ọ̀rọ̀ á bùṣe.

Odi kan wà tí mo dúró tì pẹ́. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi mọ ọ́, ó sì ga ju orí mi lọ. Lẹ́bàá igi máńgòrò kan, àwọn èèyàn ti yọ búlọ́ọ̀kù díẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, etí ihò náà sì ti ń dán nítorí ara àwọn ọmọ iléèwé tó ń gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ògbólógbòó páànù ni wọ́n fi ń bò ó. Ẹni tó bá kọjá á dá a padà. Ìyá kan tó ń din àkàrà nítòsí nàka sí òrùlé kan lódìkejì, ó ní: “Ilé ọmọ mi lẹ̀ ń wò yẹn. Bí mo bá pè é láti ibí, á dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n orúnkún mi ò gbà kí n bẹ̀rẹ̀ wọ ihò mọ́. Bí mo bá fẹ́ rí ọmọ ọmọ mi, màá wọ ọ̀kadà jáde sí títì, màá tún wọ òmíràn wọlé.”

Ó dùn mí gan-an pé ìyá àgbà ń san owó ọ̀kadà méjì nítorí odi kan ṣoṣo. Kì í sì í ṣe òun nìkan, nítorí gbogbo ará inú àwọn òpópónà wọ̀nyí ló gbọ́dọ̀ jáde sórí títì kan náà kí wọ́n tó dé ilé aládùúgbò, ìyẹn ló sì ń dá kún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí a ń bá pàdé láàárọ̀. Bí a bá ń fẹ títì lójú lásán, tí a kò la ọ̀nà láàrin àwọn àdúgbò, yóò tún kún ni.

Ní ọdún 2020, olùwádìí méjì, Christopher Barrington-Leigh àti Adam Millard-Ball, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí ojú ọ̀nà àwọn ìlú àgbáyé, tí wọ́n fi máàpù OpenStreetMap ṣe. Wọ́n rí i pé láti ọdún 1975, àwọn òpópónà tí kò já síra wọn ń pọ̀ sí i ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé, àti pé ojú ọ̀nà kì í tètè yí padà: ilé lè wó kí wọ́n tún un kọ́, ibi tí ọ̀nà gbà kò ní yẹ̀. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Jámánì àti Dẹ́ńmáàkì, níbi tí wọ́n ti ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ láti já, bí ọkọ̀ kò tilẹ̀ lè kọjá. Ohun tí àwọn ọmọ iléèwé ń fi ọwọ́ ara wọn lù sára odi lọ́dọ̀ wa ni wọ́n ti kọ sínú ètò ìlú lọ́dọ̀ tiwọn.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé apá Ìwòròkò, níbi tí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ so ìlú náà mọ́ Adó. Mo bá awọnlẹ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́, mo kí i kú iṣẹ́, ó sì tẹ́ ìwé rẹ̀ sórí bónẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ fún mi. Ọ̀nà àárín rẹ̀ kọjá ààlà wọnú ilẹ̀ ẹbí kejì, nítorí pé àwọn àgbà ẹbí méjèèjì ti jókòó sọ ọ́ kí wọ́n tó ri píláà kankan. Mo bi í bóyá ẹlẹ́sẹ̀ yóò ráyè já sí ìhà odò pẹ̀lú. Ó wo ìwé náà, ó fi bírò fa ìlà kan sí i láàrin pílọ́ọ̀tì méjì, ó ní òun yóò bá olórí ẹbí sọ ọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, torí pé wọn kò tíì gba owó ẹnikẹ́ni lórí méjèèjì.